Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ Tí Mo Fọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ilé wa ní Olódi-Àpápá ṣì ní ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ń sin pẹ́pẹ́yẹ kan tó funfun báláú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí òórùn gọ́tà lẹ́yìn òjò. Inú gọ́tà yẹn ni pẹ́pẹ́yẹ náà ti ń wẹ̀, á sì gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ padà sórí ẹyin rẹ̀.

Ó sàba lé ẹyin mẹ́wàá. Ìyá Àgbà ṣèlérí pé wọ́n á fún mi lọ́mọ rẹ̀ kan, tèmi fúnra mi, èmi tó jẹ́ pé aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi ti wọ̀ gbó ni mò ń wọ̀.

Ìdọ̀tí ara ẹyin yẹn ń bí mi nínú. Nílé wa, fífọ̀ ni gbogbo nǹkan: ọwọ́, ẹnu, ẹsẹ̀, kí a tó kírun. Lọ́jọ́ kan tí pẹ́pẹ́yẹ jáde lọ jẹun, mo kó márùn-ún sínú abọ́, mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn bó wọn títí wọ́n fi ń dán. Mo ń retí oríyìn.

Ìyá Àgbà wo ẹyin náà, wọn kò pariwo. "Ọlọ́hun ti fi nǹkan bò ó lára kí kòkòrò má bàa wọlé," ni wọ́n wí. "Ìwọ sì ti fi ọṣẹ bó o kúrò."

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Wọ́n fi èédú sàmì sí márààrún, wọ́n dá wọn padà sábẹ́ ìyá wọn. Ìyà mi ni pé láràárọ̀, kí n kó ìdọ̀tí tó tutù nínú ìtẹ́ dànù, kí n da lẹ́búlẹ́bú igi gbígbẹ láti ọ̀dọ̀ káfíńtà síbẹ̀, kí n sì tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ gbẹ kó tó wọlé. Wọ́n ní bí ìtẹ́ bá mọ́, ẹyin á mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti sàba, gbogbo èyí tí n kò fọ̀ ló pa. Mẹ́rin nínú tèmi ti rà. Ọjọ́ kejì, nígbà tí a ti sọ̀rètí nù, ẹ̀karùn-ún sán. Ìyá Àgbà gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. "Èyí ni tìẹ."

Ilé ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa báyìí. Ọmọ mi ń sin pẹ́pẹ́yẹ méjì ní Ajégúnlẹ̀, nínú àyè tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pẹ̀lú omi àti ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́. Mo sáré débẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀," ló wí. "Ọwọ́ mi ni mò ń fọ̀, kí n tó fọwọ́ kan ẹyin wọn."