Gáùn Tí A Kò Gé

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, aṣọ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í yàtọ̀ síra. Ohun tí ìyá wa bá rán fún un ni wọ́n máa ń rán fún èmi náà. Bí mo bá sáré wọ tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi òun fúnra rẹ̀, á sì máa fi ẹsẹ̀ ta mí lábẹ́ àga títí ìwàásù á fi parí. A dàgbà, a lọ́kọ, a bímọ, síbẹ̀ ara wa kò yàtọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, mo kúrò ní Ìlaròó, mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní Ìbà, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ aránṣọ láti ìgbà tó ti lọ́kọ. Àìsàn ti ń bá a fínra fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù pé ó rù, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ kò tó ohun tí mo rí. Ìró tó ró fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ tó fi gbá mi mọ́ra fúyẹ́ bí ọwọ́ ọmọdé. Mo rẹ́rìn-ín, mo kí i, mo sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó ń wá omi mu.

“Ojú ẹ pọ́n,” ó wí nígbà tí mo wọlé padà.

“Eruku ọ̀nà Àgbádárìgì ni, sìsítà mi.”

“Ojoojúmọ́ ni mò ń rí eruku yẹn. Kò mú ojú mi pọ́n rí.”

Ìdúpẹ́ ìkórè ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì ti ní kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ ti àwọn tó máa jáde dúpẹ́. Mo bi í pé nígbà tí ara kò tíì yá, kí ló fẹ́ dúpẹ́ lé lórí.

“Pé mo jí láàárọ̀ yìí,” ó ní. “Ti ìwòsàn, mo ń dúpẹ́ ẹ̀ sílẹ̀.”

Irú gáùn tí ìyá wa rán fún wa nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé wa lórí ló fẹ́ wọ̀: èyí tí kọ́là rẹ̀ gbòòrò dé èjìká, tí bọ́tìnì wẹ́wẹ́ tò sí níwájú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ léra títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kì í ta irú ẹ̀ mọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì lágbára láti wa máṣíìnì ni, ì bá rán an fúnra rẹ̀. Ó ní kí n lọ wá a níbi tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà, aṣọ àlòkù òyìnbó, ní Òkókómáíkò.

“Ìwọ̀n wo ni kí n rà?”

“Ìwọ̀n mi. Gbé e lé ara ẹ, tó bá ti bá ọ mu, ra á.”

Mo wo èjìká rẹ̀. Ó rí i pé mò ń wò ó.

“Gbọ́ ohun tí mo wí dáadáa,” ó ní. “N ò ní kí o ra aṣọ aláìsàn fún mi. Èyí tí mo máa wọ̀ nígbà tí ara mi bá padà ni mo ní kí o rà.”

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo wọ Márúwá lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bẹ́ẹ̀lì aṣọ ni, òórùn òkìrìkà sì gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì. Èmi àti àwọn oníbàárà yòókù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń kórè ẹ̀pà. Kóòtù òtútù wà níbẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀ nílùú yìí, aṣọ ìgbéyàwó wà níbẹ̀, àti aṣọ ọmọ ọwọ́ tí ẹnì kan ti fọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí láyà. Mo yẹ̀ wọ́n wò títí ẹ̀yìn fi ń ro mí.

“Màmá, aṣọ lẹ̀ ń wá àbí ọkọ?” ni ọmọ Ìgbò tó ń tà á bi mí. “Ẹ ti kọ gbogbo wọn tán.”

“Ọkọ ò ṣòro yàn tó báyìí,” mo fèsì, àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣà á sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, mo rí méjì. Ọ̀kan jọ ti ìyá wa débi pé mo kọ́kọ́ dì í mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ó kéré. Ẹ̀gbọ́n mi lè wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, yóò sì bá a mu rẹ́gí. Èkejì tóbi. Nígbà tí mo gbé e lé àyà mi, ó bá èmi mu.

“Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?” ni ọ̀gbẹ́ni náà bi mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Báwo ni wọ́n ṣe rí? Wọ́n sanra àbí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́?”

Mo wo méjèèjì lọ́wọ́ mi. “Bí èmi ni wọ́n ṣe rí.”

Bóyá irọ́ ni mo pa, bóyá àdúrà ni mo gbà, mo fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo sanwó èyí tó tóbi, mo sì gbé èyí tó kéré sílẹ̀. Kò tíì balẹ̀ tán tí obìnrin kan fi mú un.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí n sì gbàdúrà sí i, nítorí aṣọ òkú òyìnbó ni. Nígbà tó wá wo kọ́là rẹ̀ tán, ó ní, “Òkú yìí mọ aṣọ wọ̀ ṣá.” A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Lẹ́yìn tí mo lọ̀ ọ́ tán, ó wọ̀ ọ́. Èjìká gáùn náà yọ̀ bọ́ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó dì í mú níwájú dígí. Mo mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dínkù.

“Má gé e,” ó wí. “Tí o bá gé e, o ti sọ pé bí mo ṣe máa wà nìyí.”

Ó jókòó, ó ki òwú pupa bọ abẹ́rẹ́. Ó ká ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sínú, ó ká èjìká náà sínú, ó sì ń fọwọ́ rán an, ojú abẹ́rẹ́ tó jìnnà síra, irú èyí tí àwọn aránṣọ máa ń fi di aṣọ mú fúngbà díẹ̀. Á rán díẹ̀, á fẹ̀yìn ti ògiri, á tún rán díẹ̀. Ó ní pupa lòun fẹ́, kí òun lè tètè rí i tí òun bá fẹ́ tú u.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó di apá mi mú, a rìn lọ síwájú pẹpẹ. Aṣọ tó ká sínú yẹn nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé ẹran ti padà sára rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé ó ti ń bọ̀ sípò. Ó ń dáhùn pé, “Ògo ni fún Ọlọ́run.” Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà nínú gáùn náà.

Ọdún náà kò parí kí Olúwa tó pè é. Aṣọ funfun ẹgbẹ́ ìyá ni wọ́n wọ̀ fún un lọ sí ibojì. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé gáùn náà fún mi. “Ẹ̀yin nìkan ló lè bá mu,” ó ní.

Nígbà tí ìkórè tiwa dé ní Ìlaròó lọ́dún yìí, mo yọ ọ́ jáde. Mo gbìyànjú láti wọ̀ ọ́, àyà mi kò kọjá. Òwú rẹ̀ ló dá mi dúró. Mo bọ́ ọ, mo jókòó sí etí ibùsùn, mo wá orí òwú náà rí. Kókó kan péré ló ta sí i, kò sì le, bí ẹni tó fẹ́ tú u ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo fà á. Ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi, kò já, títí ẹ̀gbẹ́ kan fi là, mo sì tún fa ìkejì àti ti èjìká.

Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ti padà sí àyè mi láti ibi ìdúpẹ́, obìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ kan kọ́là gáùn náà.

“Ó bá yín mu o. Àfi bí ẹni pé ara yín ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ara mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.