Afárá Tó Sọnù Sínú Ìkíni

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lábúlé wa lójú ọ̀nà Ìjàyè, odò kan wà tó máa ń kún lójijì bí òjò bá ti rọ̀. Ìyá mi àgbà á dúró létí rẹ̀, igbá fùfú lórí, títí ọjà á fi tú lódìkejì. Fùfú kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ni baálẹ̀ bá ní kí tísà wa bá àwọn kọ lẹ́tà sí alága káńsù pé a fẹ́ afárá. Tísà kà á sétí gbogbo wa kó tó lọ. Háà, lẹ́tà náà dùn! Ó kí alága, ó kí ìyàwó, ó kí ọmọ, ó kí wọn kú ìnáwó òkú ìyá wọn, ó ṣàdúrà títí ojú ìwé méjì fi kún. Nísàlẹ̀ pátápátá ló wá dárúkọ afárá, ní ìlà kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó rí àléébù níbẹ̀. Ta ní í wọlé onílé kó máa tọrọ nǹkan láìkí i?

Èsì dé. Alága dúpẹ́ ìkíni, wọ́n ṣàmín sí àdúrà, wọ́n kí baálẹ̀ padà. Ó tán. Mo yí ìwé náà síwá sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni afárá wa wà níbẹ̀?"

Tísà họ orí. "Ó jọ pé wọn ò kà á débẹ̀."

Tísà bá kọ òmíràn, ìlà mẹ́ta péré, afárá nìkan. Baálẹ̀ kọ̀, wọn ò tẹ̀ka sí i.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ńlá sọ̀rọ̀ nìyí? Kí wọ́n má baà ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́!"

Òjò ò dúró gbọ́ àríyànjiyàn. Fùfú tún bàjẹ́, ìyá mi àgbà sì sunkún lójú mi. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí wọ́n nujú tán, wọ́n gba ilé baálẹ̀ lọ.

"Baálẹ̀, ẹ tẹ̀ka sí ìwé yẹn. Èmi á fẹsẹ̀ ara mi gbé ìkíni lọ."

Baálẹ̀ tẹ̀ka sí i, ìyá mi àgbà sì lọ lóòótọ́. Wọ́n kí alága tilé-tọ̀nà, wọ́n na ìwé ìlà mẹ́ta náà sí wọn, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí alága fi kà á tán. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, a ti ń rìn lórí afárá.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Lórí fóònù yín, ìlà kan ti tó: "Màmá, gàrí ti tán." Ó máa ń yé mi yékéyéké, kò sóhun tó sọnù níbẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá kà á tán, mo ṣì máa ń wo ojú ọ̀nà, bóyá ẹnìkan ń gbé ìkíni bọ̀ lẹ́yìn.