Fà-á-ya àti Ìwé Ìyọ̀ǹda

Ọjọ́ tí wọ́n sọ olóògbé tó jẹ́ ògbufọ̀ ilé ìwòsàn kan ní Fà-á-ya, ogójì aláìsàn ló ti fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda tí òun túmọ̀ sí èdè Lárúbáwá, pé kí wọ́n fi àwọn dán oògùn tuntun wò.

"Nọ́ọ̀sì, mélòó ló béèrè nǹkan nínú wọn?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Iṣẹ́ yín mọ́lẹ̀ kedere."

Ni ògbufọ̀ bá gba gbogbo ogójì ìwé náà, ó fà wọ́n ya. Dókítà àgbà sáré dé.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi dán oògùn wò, tí ò béèrè nǹkan kan, kò yé e ni. Màá tún un kọ pé ẹ ò mọ̀ bóyá á ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀rù á bà wọ́n."

"Ẹ fún wọn ní oògùn tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, nígbà náà."

Oṣù mẹ́fà ni wọn ò fi pè é síṣẹ́. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kọ ọ́ dídùn, àwọn aláìsàn sì ń fọwọ́ sí i bí ẹni ń gbàwé ìgbéyàwó.

Ìyàwó rẹ̀ ló jìyà ọ̀rọ̀ náà jù. Lárúbáwá ni èdè abínibí obìnrin yìí, nítorí náà òun ni Fà-á-ya ń ka gbogbo ìwé sí létí, bí obìnrin náà ti ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Bí ìyàwó bá mi orí, ọkọ á fa ìwé ya.

"Orí tó ń mì kọ́ lorí tó gbọ́."

Obìnrin náà gbọ́n. Bí ọkọ bá ti kà á tán, òun á bi í pé, "Tí mo bá yí ọkàn padà ńkọ́?" Inú ọkọ á dùn, á lọ kọ gbólóhùn mẹ́ta kún un, aṣọ á sì ṣeé lọ. Ogún ọdún, obìnrin náà ò fetí sí ìlà kan.

Nígbà tí ọkàn Fà-á-ya fúnra rẹ̀ wá ń kọṣẹ́, ó ní kí dókítà àgbà gbé ìwé tóun kọ wá fún ìyàwó òun láti fọwọ́ sí: bí ọkàn òun bá dúró, kí wọ́n má ṣe jí òun.

"Ìyá, ṣé ó yé yín?"

Obìnrin náà mi orí, ó mú bírò.

Fà-á-ya la ojú kan lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń mi orí."

Dókítà rántí ogójì ìwé, ó di èyí mú ṣinṣin.

"Tí mo bá yí ọkàn padà ńkọ́?" ni ìyàwó bá wí.

"Ogún ọdún lo ti ń bi mí níyẹn. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé o kì í fetí sí i ni?"

Obìnrin náà wá kà á, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ta ni yóò wá máa kàwé sí mi létí tí mo bá ń lọ aṣọ?"

Fà-á-ya dijú. "Ó ti yé e. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i."

Títí di òní, bí obìnrin náà bá ń lọ aṣọ, á gbé áyọ́ọ̀nù dúró díẹ̀, á bi àga ọkọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Kì í tún béèrè èyí tó ti béèrè rí.