Kílò Mẹ́ta Idẹ Yẹ́lò

₦640,000 ni Ògúnbùnmi jẹ Alájà Fàsílátù, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì dá fún sísan rẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá rí i san, Alájà yóò gbé ẹ̀rọ léètì rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ yìí ló fi ń gé irin, òun ló fi ń dá eyín sí jíà lára, òun náà ló fi ń jẹun. Kò ní oko, kò ní ilé tó fi háyà. Bí wọ́n bá gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́.

Kì í ṣe fàájì ló fi jẹ gbèsè náà. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí i sí ní Èjìgbò. Ọkọ́ àti àdá ni baba rẹ̀ ń rọ, ó sì ń yọ́ idẹ fi ṣe ẹgba ọwọ́. Nígbà tí Ògúnbùnmi pé ọmọ ogún ọdún, ó tẹ̀lé àbúrò baba rẹ̀ lọ sí Àbíjáǹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tajà níbẹ̀. Òun wọ ilé iṣẹ́ irin, ó sì lo ọdún mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí ìlú yẹn dàrú, ó padà wálé pẹ̀lú báàgì kan àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó bá àwọn ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ títí ó fi sú u. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni Alájà Fàsílátù, tó ń kó gàrí lọ sí Àbíjáǹ láti ìgbà èwe rẹ̀, yá a lówó tó fi ra àlòkù ẹ̀rọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń san án. Èyí tó kù yìí, Alájà ní òun kò fẹ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tí yóò san án ti ilé iṣẹ́ irin kékeré kan wá, lọ́nà ìlú Ara. Àlòkù irin ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń fà á di ọ̀pá ìkọ́lé. Rólà méjìlélógún ló sùn ti ara wọn bí igi àkàbà, irin pupa á máa gun orí wọn lọ. Ìdí rólà kọ̀ọ̀kan ni àpótí kan wà tó ń yí i. Nínú àpótí náà, ọ̀pá irin kan tó ní ojú bíi ti súkúrù ń yí, ojú rẹ̀ sì wọ inú eyín wíìlì idẹ kan. Súkúrù á yí nígbà ogójì kí wíìlì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni eré mọ́tò, ẹ̀rọ iná tó ń yí súkúrù náà, ṣe ń di agbára. Ní Àbíjáǹ, fíìsì sáńfáǹ ni wọ́n ń pè é, súkúrù tí kò lópin. Irin ni súkúrù, idẹ ni wíìlì, torí bí líle bá ń ha líle, àtòun àtèkejì ló máa jóná. Idẹ ni irin gbọ́dọ̀ máa jẹ, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún púpọ̀.

Irin ti jẹ wíìlì rólà kẹsàn-án tán. Tuntun láti òkè òkun jẹ́ mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, oṣù mẹ́ta ni yóò sì gbà kó tó dé. Ògúnbùnmi ní òun yóò ṣe é ní ₦720,000. Ẹnjiníà Bọ́látitó, mánijà ibẹ̀, gbà, ṣùgbọ́n kò fún un ní àsanlẹ̀ kankan.

"Bàbá, ẹ lọ ṣe é wá. Tó bá yí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́ta ọ̀sán láìdúró, mo máa ka owó sí yín lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Tó bá dúró, ẹ gbé idẹ yín lọ sílé."

Kílò mẹ́sàn-án idẹ ni wíìlì náà ń gbà. Idẹ pupa, irú èyí tí wọ́n ń tú lára bọ́ọ̀ṣì ẹ́ńjìnnì ńlá, ló yẹ ẹ́. ₦8,000 ni kílò kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù. Owó tó wà lọ́wọ́ Ògúnbùnmi ká kílò mẹ́fà. Ó wá fi kílò mẹ́ta idẹ yẹ́lò kún un, ti ẹnu ẹ̀rọ omi àti àgádágodo àtijọ́, ₦4,500 kílò kan. ₦10,500 ni ìyẹn fi dín ìnáwó rẹ̀ kù. Bí baba rẹ̀ ṣe ń ṣe náà nìyẹn: idẹ tó bá ti dé inú ìkòkò ti di idẹ, ẹnikẹ́ni kì í bi ẹgba ọwọ́ pé ibo lo ti wá. Ògúnbùnmi mọ̀ pé rólà kì í ṣe ẹgba ọwọ́, pé idẹ yẹ́lò rọ̀ ju idẹ pupa lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án kò kéré, bí ẹni tó po láfún mọ́ èlùbọ́ iṣu, tó ń retí pé ọbẹ̀ yóò bò ó.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wíìlì tuntun ti wà nínú àpótí, wọ́n tan mọ́tò. Ògúnbùnmi dúró ti rólà kẹsàn-án, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí jíà. Ọ̀gá rẹ̀ ní Àbíjáǹ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: bí ọwọ́ bá gba ooru rẹ̀ títí o fi ka mẹ́wàá, ara àpótí yá, bó bá jẹ́ márùn-ún, máa ṣọ́ ọ, bí kò bá gba méjì, pa á. Ó ka mẹ́wàá. Ó tún un kà.

Gàníyù ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ọlọ́mọ mẹ́ta ni, òun ló ń di ẹ̀mú gígùn mú tó fi ń tọ́ imú irin gbígbóná kó má baà yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ rólà kẹsàn-án gan-an ni ibùdúró rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀ ń fọwọ́ kàn án bí ìyá tí ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀."

"Ọmọ mi ni. Dojú kọ irin rẹ."

"Tó bá ké, ẹ pọ̀n ọ́n o!"

Ní aago mọ́kànlá, Alájà Fàsílátù dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan àti awakọ̀. Ó wọlé títí dé ibi tí wọ́n fi okùn dí.

"Ògúnbùnmi, ṣó ń yí?"

"Ó ń yí, Alájà. Ẹ kú ìrìn."

"Má kí mi, owó ni mo wá bá. Ọgọ́rùn-ún àpò gàrí ń dúró dè mí, ọkọ̀ Àbíjáǹ sì ń lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti ní kí awakọ̀ kó okùn dání. A ò ní lọ lọ́wọ́ òfo."

"Owó kì í fẹ́ okùn, Alájà."

"Ẹnu ẹ mú. Ká ní ẹnu ni wọ́n fi ń san gbèsè ni, ò bá ti san tèmi tán."

Ó gba àga lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, ó jókòó síbi òjìji, ó yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ní aago méjìlá, ọwọ́ Ògúnbùnmi gba méje. Oòrùn ni, ó ní. Ní aago kan, ó gba márùn-ún. Ó da lítà kan oyíìlì nípọn sí i. Àpótí náà tutù díẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó: ₦640,000 fún Alájà, ₦80,000 tó kù, gbèsè èédú níbẹ̀, ìyókù fún oúnjẹ. Nígbà tí yóò fi di aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ka mẹ́ta, ọwọ́ fò kúrò fúnra rẹ̀.

Ó súnmọ́ Gàníyù. "Bọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Lọ dúró níbi rólà kejìlá."

"Tí mo bá lọ síbẹ̀, ta ni yóò tọ́ imú irin? Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Mo ní kó o bọ́ sẹ́yìn."

"Bàbá, kí ló dé? Ṣé nǹkan ń ṣe é ni?"

Ògúnbùnmi wo àga tí Alájà wà. Ó wo aago ara ògiri. "Kò sí nǹkan," ó ní.

Kò sí ohun tó wúwo lẹ́nu rẹ̀ rí bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Nítorí ó ti rí i lójú ara rẹ̀ ní Àbíjáǹ. Rólà kan há, imú irin dúró, ìdí rẹ̀ sì ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde bọ̀ pẹ̀lú eré. Irin pupa náà ká, ó gbéra nílẹ̀ bí ejò, ó sì wé mọ́ itan ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kùwámé. Wọn kò rí i tú kíákíá.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ àpótí. Oyíìlì ń kán níbẹ̀, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń dán bí ẹni da lẹ́búlẹ́bú wúrà sí i. Eyín idẹ ni súkúrù ń lọ̀ bí ata. Ó fi ọwọ́ kan àpótí. Ení. Kò dé èjì.

Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta ló kù kó di aago mẹ́ta. Ó lè yí dé aago mẹ́ta. Ó sì lè máà yí dé irin tó ń bọ̀ yìí. Imú irin pupa náà ti yọ lókè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí rólà àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta. Gàníyù na ẹ̀mú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú.

"Gàníyù, sá!"

Ògúnbùnmi fi ìṣísẹ̀ mẹ́fà dé ìdí òpó, ó fi ìkúùkù gbá bọ́tìnnì pupa tó ń pa gbogbo ẹ̀rọ.

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Irin náà sùn sórí rólà méje, ó ń dúdú díẹ̀díẹ̀.

Ẹnjiníà Bọ́látitó sáré jáde. "Bàbá! Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ìyẹn?"

"Èmi ni mo ṣe é, èmi náà ni mo pa á. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i."

Wọ́n ṣí i. Eyín mẹ́rin ti tín-ín-rín bí ojú ọ̀bẹ, ẹ̀karùn-ún kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnjiníà wo wíìlì, ó wo Ògúnbùnmi.

"Kí lẹ pò sí i?"

"Kílò mẹ́ta idẹ yẹ́lò. Owó mi ò ká a."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Mi ò sọ."

"Mi ò ní san kọ́bọ̀. Irin tó tutù sórí rólà yẹn, ₦58,000 ni, ọrùn yín náà ló wà."

Gàníyù jáde níbi tí ó sá sí. Ó padà rìn lọ síbi tí ó máa ń dúró, ó fi ẹ̀mú kanlẹ̀ níbẹ̀. "Ẹnjiníà, ibí ni mo wà kí wọ́n tó pa á," ó ní. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Ògúnbùnmi. "Ẹ̀yin náà, Bàbá. Mo bi yín, ẹ ní kò sí nǹkan."



Ẹnjiníà wo ojú ibi tí ẹ̀mú kàn. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ gbàgbé ₦58,000. Àwọn wíìlì àtijọ́ wà ní sítóò, idẹ pupa ni gbogbo wọn. Ẹ wọn kílò mẹ́sàn-án, ₦8,000 kílò kan, mo máa yọ ọ́ nínú owó yín. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, màá pe àwọn oníṣẹ́ irin Ìbàdàn."

₦72,000 kúrò nínú ₦720,000, ó ku ₦648,000. Bó bá san ti Alájà, ₦8,000 ni yóò kù fún gbogbo ìyà rẹ̀. Ó gbà.

Alájà ti dìde lórí àga. Ó jẹ́ kí Ògúnbùnmi sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ta ló ní kó o pa á? Kò tó wákàtí kan tó kù."

"Ẹ̀mí èèyàn ni, Alájà."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn ni. Ká ní o dákẹ́, mi ò ní lè fọwọ́ kan owó náà. Ṣùgbọ́n o ò dákẹ́, mi ò sì tún rí owó fọwọ́ kàn. Ọkọ̀ gàrí ò mọ Ọjọ́ Ajé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún mi. Òun ni mo máa fi gé wíìlì náà."

Alájà yí tẹ̀sùbáà mọ́wọ́, ó ń ṣírò. Ẹ̀rọ léètì kì í tà kíá ní Èjìgbò. "Jẹnẹrétọ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù."

"Òun ni mo ń gbé lọ ní ìdógò. Mo mọ ẹni tó máa gbé ₦250,000 lé e lónìí, mo máa fi ra ìdajì gàrí. Tó o bá san gbogbo owó mi lọ́jọ́ Ajé, màá gbà á padà fún ẹ. Tó ò bá san án, mo ń bọ̀ wá gbé léètì."

"Alájà, kí ni mo máa fi tan ẹ̀rọ?"

"Iná ìjọba. Ṣé ìwọ nìkan ni wọn kì í fún ni?"

Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Ògúnbùnmi fi èédú yọ́ idẹ pupa kílò mẹ́sàn-án, ó dà á sínú iyanrìn, ó fi í sílẹ̀ kó tutù. Wákàtí mọ́kànlá ni gígé eyín rẹ̀ ń gbà. Iná ìjọba kì í ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́ ládùúgbò yẹn. Jímọ̀, Àbámẹ́ta, Àìkú: wákàtí mẹ́sàn-án. Ó ṣírò ó lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí méjì ló ń dín níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí àwọn èèyàn ṣe ń tú jáde ní mọ́sáláṣí, iná dé. Ó ti de wíìlì mọ́ ẹ̀rọ tipẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, ọ̀bẹ irin bẹ̀rẹ̀ sí í bó idẹ, èérún rẹ̀ ń já pupa sílẹ̀. Wákàtí mẹ́ta pé, ó kọjá, iná kò lọ. Kò gbójú sókè wo gílóòbù, kò dìde mu omi. ₦640,000 wà lọ́rùn rẹ̀, kò dín kọ́bọ̀, ó sì ń gé eyín kẹsàn-án nínú ogójì.