Ìwé Ọpẹ́ Tí Mo Kọ fún Ilé Iṣẹ́ Ọṣẹ

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ba kànga wa jẹ́ ní Attécoubé, àdúgbò kan létí ọ̀sà ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ó gba iṣẹ́ ìyá mi lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bẹ̀ wá títí di òní.

Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí ohun tí àwọn tó ṣe é ń fẹ́ ni pé ká gbàgbé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà létí ọ̀sà, ẹ̀yin tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ń pe àwọn òbí yín ní Anàgó, ẹ ó mọ òórùn tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: òórùn ògì kíkan ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Òun ló máa ń jí mi. Kí n tó la ojú, màá ti gbọ́ tí ìyá mi ń sẹ́ ògì lẹ́yìn ilé, tí omi ń kán tó, tó, tó sínú ìkòkò. Kí n tó wẹ̀ tán, ẹ̀kọ àná ti wà nínú ewé, ó ti tutù, ó ti dì, ìyá mi á sì ti gbé igbá rẹ̀ sórí. Ẹ̀kọ rẹ̀ ni gbogbo àwọn ará òkè tí à ń gbé ń jẹ. Tí wọ́n bá yìn ín, á ní, "Ẹ má yin ọwọ́ mi, omi ni kẹ́ ẹ yìn."

Òótọ́ ló sọ. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà àti alàgbà nínú ìjọ wa, òun pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin ló fọwọ́ ara wọn gbẹ́ kànga náà kí wọ́n tó bí mi. Omi rẹ̀ tutù, kò ní iyọ̀ ọ̀sà nínú rárá.

Mo wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà dé sórí òkè, lókè àgbàlá wa gan-an. Inú wa dùn. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń jẹ ẹ̀kọ ìyá mi. Nígbà tí ọdún Kérésì ń bọ̀, ọ̀gá wọn, òyìnbó kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Pàtírọ́ọ̀n, fi páànù ránṣẹ́ pé ká fi bo ilé ìjọsìn wa, ó sì fi páálí ọṣẹ méjì lé e.

Ohun tí bàbá mi máa ń sọ fún wa láràárọ̀ ni pé, "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni." Nítorí náà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí àwọn alàgbà fi wọ agbádá. Wọ́n mú mi dání kí n máa ṣe ògbufọ̀, torí Faransé tí wọ́n gbọ́ kò kọjá ti ọjà. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Bí a ṣe wọ ọ́fíìsì, àwọn àgbàlagbà márùn-ún dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́ẹ̀kan náà. Pàtírọ́ọ̀n fò dìde, ó rò pé àárẹ̀ ti mú wọn. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó padà, ó wò wọ́n pẹ́, ó wá ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọpẹ́ náà sílẹ̀. Kí gbogbo wọn tẹ̀ka sí i."

Àwọn bàbá wa ka èyí sí iyì ńlá.

Ìyá mi wà lọ́jà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá mi jókòó, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, èmi ń kọ ọ́ ní Faransé. Ọpẹ́ náà kún: ẹ̀yin ni bàbá wa, ẹ̀yin ni ìyá wa, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí ibi. Ìyá Rébékà, aládùúgbò wa tí kì í dákẹ́, yọjú lójú fèrèsé. Ó ní, "Akọ̀wé kékeré, fi tèmi sí i o! Sọ fún òyìnbó pé Ìyá Rébékà ní ọṣẹ yẹn ń hó, pé ọkọ òun ò dá òun mọ̀ mọ́!" A rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wá ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "Àgbàlá wa, àgbàlá yín ni. Ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbà kọjá, a ò ní bi yín."

Mo gbé gègé sókè. Ní Yorùbá, ẹni tó bá sọ pé ilé òun, ilé rẹ ni, kò retí pé kí o kó ibùsùn rẹ wá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé nínú ìwé Faransé, ohun tí a kọ ni a kọ. Mo bi bàbá mi pé, "Bàbá, ṣé kí n kọ èyí náà?"

Ó ní, "Kọ ọ́. Ta ló ń dín ọpẹ́ kù?"

Mo kọ ọ́. Kí n má purọ́ fún yín, mo kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, nítorí ìkọ̀wé mi dára, mo sì fẹ́ kí òyìnbó rí i. Àwọn alàgbà márààrún tẹ̀ka.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn agbẹ́lẹ̀ dé. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́, ó gba ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, ó la àgbàlá wa já, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà. Láti etí kòtò náà sí kànga, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni. Mo fẹsẹ̀ mi wọ̀n ọ́n. A rò pé ti omi òjò ni. Bàbá mi kí wọn kú iṣẹ́. Ìyá mi fún wọn ní ẹ̀kọ, ó sì fa omi kànga fún wọn mu. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, omi funfun gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá, ìfófòó ń gun ara wọn lórí rẹ̀.

Kò tó oṣù méjì tí ògì fi kọ̀. Ìyá mi rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta, kò kan. Ó rẹ òmíràn, kò kan. Omi rẹ̀ pọ́n, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ilá. Ó fi yanrìn fọ gbogbo ìkòkò rẹ̀, ó pààrọ̀ asẹ́, ó pààrọ̀ ẹni tó ń ta àgbàdo fún un. Ìyá mi tó máa ń ní kí wọ́n yin omi wá ní ọwọ́ òun ló bàjẹ́. Ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un, wọ́n sì fi òróró ra ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ kan tú ẹ̀kọ, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ rẹ̀ dànù, ó ní, "Tàǹtí, ṣé ẹ̀yin náà ti ń ṣe ọṣẹ ni?" Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló palẹ̀ igbá mọ́.

Ìgbà tí òjò ńlá kan rọ̀, tí bàbá mi fa omi, tí ìfófòó bá omi wá nínú garawa, ni ojú wa tó là. Àwa mẹ́ta lọ bá Pàtírọ́ọ̀n. Kò jiyàn, kò sì bínú. Ó ṣí àpótí irin, ó mú ìwé kan jáde, ó nà án sí mi. Ó ní, "Kà á fún wọn."

Ìkọ̀wé mi ni. Mo kà á. Mo túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo dé "ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbà kọjá," bàbá mi ṣí fìlà kúrò lórí, ó sì ń wo ilẹ̀. Ìyá mi bi mí pé, "Ta ló kọ ọ́?"

Mo ní, "Èmi ni, Màmá."

A rìn padà dé etí kòtò. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ní, "Ìkọ̀wé rẹ mà dára o." Kò tún mẹ́nu bà á mọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣe bàbá mi lóore, "Ẹ ṣé" nìkan ló ń sọ, kì í sì í fi ohunkóhun lé e. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kó lọ sí ibi tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní àdúgbò Yopougon, wọn ò dí kòtò. Ìyá mi, tí kò ní ọ̀gá rí láyé rẹ̀, wá ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ láti máa fi ìwé wé ọṣẹ wọn.

Ní yunifásítì, mo kọ́ ìmọ̀ nípa èròjà, èyí tí wọ́n ń pè ní kẹ́místírì. Mo bu omi kànga wa sínú ìgò, mo gbé e lọ síbi tí a ti ń ṣe ìdánwò. Ìwé pẹlẹbẹ tí a fi ń yẹ omi wò di búlúù lójú ẹsẹ̀, àmì pé èròjà ọṣẹ tó ń pa kíkan wà nínú omi náà. Kò sí bí ògì ṣe lè kan nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó wò wọ́n, ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, obìnrin yìí ṣì ń rò pé ọwọ́ òun ni.

Ọmọdé tí mo jẹ́ kọ ìwé kan ṣoṣo, wọ́n sì tọ́jú ú sínú àpótí irin bíi wúrà. Èmi tí mo dàgbà, tí mo gboyè, tí mo mọ orúkọ ohun tí ẹ̀yin ilé iṣẹ́ ọṣẹ dà sínú omi, mo ti kọ ìwé méje sí ẹ̀yin àti àwọn aláṣẹ ìlú, ẹ ò fèsì sí ọ̀kan. Ọmọ yẹn kò mọ̀ ju kí ó dúpẹ́ lọ. Èmi kò wá dúpẹ́. Ẹ dá mi lóhùn: ta ló tọ́ka sí àgbàlá wa pé kí kòtò gba ibẹ̀? Ṣé ẹ ti mọ ohun tó máa ṣàn gba inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ní kí àwọn bàbá wa tẹ̀ka? Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú tí ẹ wá ṣí ilé iṣẹ́ náà, ta ló wo kànga wa nínú yín? Ta ló sì máa wá sọ fún ìyá mi, ní ojúkojú, pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀?