Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tí Ìyá Ìbídùn Jẹ́rìí Sí

Aránṣọ ni Catherine l'Ọ́gbà. Ìbídùn ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan n'Íkẹjà, ó sì ń sáré irínwó mítà fún wọn. Òfin eré ìdárayá wọn kò lọ́jú pọ̀: eléré lè gba oúnjẹ, aṣọ eré àti owó ọkọ̀ lọ́wọ́ iléèwé, ṣùgbọ́n òun tàbí ará ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ oníṣòwò nítorí eré tó ń sá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá iléeṣẹ́ bisikíìtì kan l'Ágége fi ẹ̀rọ ìránṣọ oníná ránṣẹ́ sí Catherine nítorí eré ọmọ rẹ̀ tó wù ú. Inú obìnrin náà dùn dé ẹ̀yìn. Orúnkún tó ń dùn ún yóò sinmi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Ìbídùn kò lè sọ ọ̀rọ̀ òfin náà fún un. Lọ́jọ́bọ̀, ó fọwọ́ síwèé kọ́lẹ́ẹ̀jì pé àwọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ oníṣòwò.

Catherine kì í sì í gba oore kó má jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbídùn mọ̀. Ó kàn ń gbàdúrà pé kí Alàgbà Ilésanmí, akọ̀wé eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tó tún ń jọ́sìn níbẹ̀, má wá lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn ni. Alàgbà wá.

"Ẹ bá mi yin Olúwa!" Catherine kígbe nínú sùtánà funfun. "Eré tọ́mọ mi ń sá ló sọ mí di ẹlẹ́rọ oníná!"

"Ìyá Ìbídùn, ẹ yá wa lẹ́sẹ̀ ọmọ yẹn!" ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Ìbídùn kò lè gbójú sókè.

Lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà pè wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ṣàlàyé òfin fún Catherine, ó wá yíjú sí Ìbídùn. "Bóyá ìyá ẹ ò sọ fún ẹ ni? Tó bá jẹ́ pé o ò mọ̀, mo lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wàá sáré nínú ìdíje ọjọ́ Ẹtì."

Catherine kúnlẹ̀ gbì. "Kò mọ̀ o, Alàgbà! Èmi ni mo fi pa mọ́ fún un."

Sùtánà rẹ̀ wọ́lẹ̀ nínú eruku. Ìbídùn di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ dìde, Màámi. Mo mọ̀, sà. Mo mọ̀ kí n tó fọwọ́ síwèé."

Alàgbà mí kanlẹ̀. "Mo máa yọ orúkọ ẹ." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Catherine dìde, kò gbọn eruku ara rẹ̀. "Láàárọ̀ yìí, tí mò ń múra àtijẹ́rìí, ìwọ lo bá mi di àmùrè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì jẹ́ kí n lọ."