Ilẹ̀ Pupa Lórí Ilẹ̀ Dúdú

Ìyá Ilẹ̀dú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tó bá rò pé orúkọ ẹ̀gàn ni, kó lọ wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń gbin ọmọ ata àti ọmọ tòmátì. Tí ewé wọn bá ti yọ dáadáa, àwọn èèyàn á wá rà wọ́n, wọ́n á lọ tún wọn gbìn sílé tiwọn.

Èèyàn dáadáa ni o, àmọ́ inú máa ń bí i. Tí inú bá ń bí Ìyá Ilẹ̀dú, ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri pàápàá máa ń rántí ọ̀nà ilé wọn. Lọ́jọ́ tá à ń wí yìí, ìbínú ọ̀hún ga ju àjà lọ.

Ó lọ kó ọmọ ata fún oníbàárà kan ni. Bó ṣe gbé àtẹ òfìfo dé ẹ̀yìnkùlé, pupa ló rí. Gbogbo ebè rẹ̀ pupa láti orí dé ìdí. Ṣóńṣó orí ata mélòó kan ló ń yọjú níbẹ̀, bí ẹni tó ń ké sí ará ilé pé ẹ gbà mí o.

Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́nà igun ọgbà, orí Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ ń yọ nínú kòtò. Òun ni ọkọ gbà síṣẹ́ kó gbẹ́ ibi tí omi ilé ìwẹ̀ á máa ṣàn lọ.

"Káàbọ̀, ìyá ọmọ mi!" ọkọ ní. "Wo ẹ̀bùn tá a fún ẹ! A ò jẹ́ kí ilẹ̀ inú kòtò ṣòfò, orí ebè ẹ la dà á sí. Ilẹ̀ tuntun ni o, tẹ́nikẹ́ni ò tíì lò rí!"

Àtẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dà á síbẹ̀?"

"Èmi ni. Ṣebí ilẹ̀ lo fẹ́ràn?"

Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ náà da tiẹ̀ sí i látinú kòtò. "Màmá, ẹ ò tiẹ̀ ní dúpẹ́ ni?"

"Ìwọ, rọra jáde nínú kòtò yẹn, kí n má baà dúpẹ́ lé ẹ lórí!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Nígbà tó wọlé ọkọ, òkúta wẹẹrẹ ló kún ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ọkọ́ á kan ilẹ̀, á dún kàn, iná á ṣẹ́ yọ. Àní koríko ò fẹ́ hù níbẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé táwọn aládùúgbò gbá dànù, ó ń kó ìgbẹ́ adìyẹ, ó ń tọrọ ìdọ̀tí pákó lọ́wọ́ káfíńtà, èèpo ìdáná sì ń lọ tààrà sórí rẹ̀. Á dà á jọ, á bu omi sí i, á bò ó. Oyún àkọ́bí rẹ̀ ló wà nínú nígbà tó kọ́kọ́ rí ekòló níbẹ̀, ó sì pariwo débi pé ọkọ rẹ̀ rò pé ó ti fẹ́ bímọ. Àkọ́bí yẹn ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí. Bí ilẹ̀ dúdú yẹn ṣe pẹ́ tó nìyẹn. Òun ni wọ́n wá fi ẹ̀bùn bò.

Ó di ọkọ rẹ̀ lápá aṣọ mú, ó fà á lọ sẹ́nu kòtò.

"Ẹ wo ara kòtò yìí! Ẹ rí dúdú tín-ín-rín tó wà lókè? Ẹ rí pupa abẹ́ rẹ̀? Ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òkúta tó ti rà, téèyàn lè fi ọwọ́ lásán rún. Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀, kí ni irin ẹ kàn nísàlẹ̀ pátápátá?"

"Àpáta ni, Màmá. Apá ń ro mí títí di ìsinsìnyí."

"Àpáta ni gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀! Oòrùn sun ún, òjò pa á, gbòǹgbò igi yọ́ wọ ibi tó sán, ó sì fẹ̀ ẹ́ títí ó fi fọ́. Ibẹ̀ ni yanrìn ti wá, ibẹ̀ ni amọ̀ ti wá. Ṣé ìyẹn lè bọ́ ata? Ewé ò tíì jẹrà sínú ẹ̀, ekòló ò tíì jẹ ẹ́ kó tún yà á ní ìgbẹ́, afẹ́fẹ́ ò ráàyè wọlé. Ebi ló wà nínú ohun tẹ́ ẹ dà lé mi lórí yẹn!"

"Àmọ́ ó pupa dáadáa," ọkọ ní, ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀. "Mo rò pé ó lọ́ràá ni."

"Irin inú òkúta ló dógùn-ún tó fi pupa bẹ́ẹ̀! Ṣé ògùn-ún lẹ fẹ́ kí n máa tà?"

Ìyá ọkọ yọ orí lójú fèrèsé. "Ọmọ mi, o sin iṣẹ́ ìyàwó ẹ láàyè, o sì dúró tì í, ò ń rẹ́rìn-ín!"

Àfi bí àrá ṣe sán. Wọ́n gbójú sókè, òjò ti ṣú bolẹ̀.

"Ẹ gbé ṣọ́bìrì!" Ìyá Ilẹ̀dú ké. "Tí òjò bá pa amọ̀ yìí, á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ mi. Oòrùn ọ̀la á sun ún bíi bíríkì, gbogbo ohun tó ń mí lábẹ́ ẹ̀ á kú!"

Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ṣiṣẹ́ o! Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ ń kó, ọkọ ń fi bárò gbé e dànù, ìyàwó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ àti àfọ́kù abọ́ ha á lára ata. Ẹnu rẹ̀ ò sinmi. "Ẹ rọra! Dúdú lẹ̀ ń kó yẹn! Ṣé ẹ ò mọ dúdú yàtọ̀ sí pupa ni?"

"Ọ̀gá," Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ rọra sọ, "ìgbà tí mò ń gbẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni ò bú mi."

"Dákẹ́, jàre. Tèmi ti tó mi."

Ó ku ebè kan nígbà tí òjò dé. Kò kọ́kọ́ kán o, ńṣe ló dà wìì. Ọkùnrin méjèèjì sá sábẹ́ òrùlé. Ìyá Ilẹ̀dú dúró nínú òjò, ó ń fi ọwọ́ ha amọ̀, amọ̀ ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi pupa ń ṣàn gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló jáde lọ fà á wọlé.

Nígbà tí oòrùn ọjọ́ kejì ràn, ebè yẹn ti gan. Ìyá Ilẹ̀dú fi gìgísẹ̀ kàn án, ó dún kó-kó.

"Tiyín nìyẹn," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Èmi ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ ọ́ di ilẹ̀ padà."

Ọkọ rò pé àwàdà ni. Ó rí i pé ojú ìyàwó òun kò rẹ́rìn-ín, ló bá gbé ìgbálẹ̀. Kó tó lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, á ti gbá ewé iwájú ilé onílé. Tó bá ń bọ̀, èèpo á wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó ń fi irin fọ́ amọ̀, ó ń po ewé mọ́ ọn, ó ń bu omi. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi ń kí i ní Bàbá Ilẹ̀pupa. Ìyá rẹ̀ ló sì ń pe orúkọ náà kíkan jù.

Òjò lọ, òjò tún dé. Lọ́jọ́ kan, ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde.

Ìyá Ilẹ̀dú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka gbẹ́ ojú ebè. Dúdú kan wà lókè, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ekòló kan yọ́ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀.

"Ó ti di ilẹ̀, àbí?" ọkọ bi í.

"Ó ń bọ̀."

"Inú tó ń bí ẹ sí mi ńkọ́?"

Ó fi àtàǹpàkò wọn ibi tó dúdú yẹn, kò kọjá èékánná. Ó na ìka ọ̀hún sójú ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ̀nba ìbínú tó ti lọ nìyí. Ẹ lọ kó ewé wá."